Kóòṣì Tó Kó Àwọn Wá

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà ní ìyàwó ilé ń ba ọmọ ilé jẹ́. Kì í mutí, kì í jà, kì í bá aládùúgbò fa ọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, òun àti ẹnu náà sì ti jọ ń gbé láti kékeré.

Iṣẹ́ fíríìjì ló ń ṣe. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ máa bá fíríìjì lórí ìlà, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí yín, wọ́n ti tú inú wọn síta. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí fírísà tó ti kú tipẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń wo bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ti gbá a wọlé báyìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, á nu ọwọ́, á ní òun lòun kọ́ ọ.

Wọ́n á bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Á ní kí ọmọ náà tó lọ sókè òkun ni, pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ rárá nígbà yẹn, òun lòun tún un ṣe. Ẹ máa rò pé ẹ̀rọ fíríìjì ni ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, kóòṣì ilẹ̀ òkèèrè kan yọjú nínú tẹlifíṣọ̀n, bàbá arúgbó tó ti hewú, tó lè bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kó tún bí àbúrò fún un. Ó ní òun kọ́ ìyẹn náà.

Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-Kọ́-Wọn nìyẹn. Inú èmi dùn sí i púpọ̀, torí mi ò lè la ẹnu pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní orúkọ, wọ́n sì ti bá mi wá èyí tó bá a mu. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá Kóòṣì ni mò ń pè é. Ohun tí mò ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má bi mí.

Kóòṣì yẹn kì í ṣe irọ́ o. Nígbà tí àwa òbí àdúgbò ní ká dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, a ní ta ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè náà ò tíì dé ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. A fún un ní fèrè. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fun ún, ó ń fun ún ní pápá, ó ń fun ún ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ tí í ṣe ìyálé mi ní òun gbé e pamọ́ lójoojúmọ́ kí ilé tó lè sùn.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Á bá wọn sáré, á bá wọn ṣeré, á sọ ìtàn fún wọn títí ẹnu wọn á fi yà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gan-an ni kò fẹ́ fojú rí. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn kóòṣì onílé, ìyẹn èyí tó ń gba àlejò, lọ́jọ́ náà. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé pápá. Òun ló ń rìn ín yíká, tó ń ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò. Òun ló ń ri àsíá mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló ń mú bọ́ọ̀lù wá, òun ló ń gbé àpótí oògùn, òun ló ń rí i pé gbogbo ọmọ wọlé ṣeré, títí kan èyí tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbá. Bí eré bá parí, òun náà ló ń kẹ́yìn níbẹ̀. Kò sí ariwo nínú iṣẹ́ náà, kò sì sí àtẹ́wọ́. Mo-Kọ́-Wọn wò ó títí, ó ní ẹni tó kọ́ àwọn àgbà òṣèré kì í ṣa òkúta.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lórí pápá, gbogbo orí ló wọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gba àlejò, eré ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Nígbà kejì, ó tètè dé lóòótọ́, ó múra, ó fọn fèrè, ó kí gbogbo èèyàn. Bọ́ọ̀lù ni kò mú wá. Ẹnu nìkan ló mú wá.

Akọ̀wé ìdíje àwọn ọmọdé ni obìnrin àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Akọ̀wé. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, èèyàn kékeré báyìí, aṣọ rẹ̀ kì í rún rárá. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ pọ̀ débi pé "ẹ" ló fi ń bá ọmọ ọlọ́dún méje sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Ó ránṣẹ́ pe Mo-Kọ́-Wọn síbẹ̀, èmi ni mo sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn òbí. Ó ní kó jókòó. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé bí iṣẹ́ onílé bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹgbẹ́ wa ti kúrò nínú ìdíje ọdún yìí nìyẹn.

Àwọn ọmọ yẹn ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré nínú oòrùn. Ọmọkùnrin tèmi wà lápá ọ̀tún, ọmọbìnrin tirẹ̀ sì ni gólì wa, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ilé, ó ń fi ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ sùn lórí ibùsùn. Kí wọ́n wá pàdánù ọdún kan gbáko nítorí ẹnu ẹyọ ẹnìkan, ó dùn mí kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹlòmíràn á ti ní, ẹ má bínú, Màmá. Bọ̀dá Kóòṣì na ẹsẹ̀, ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀. Ó ní àwọn tí òun kọ́, àwọn tó wà lókè òkun, wọ́n ń bọ̀ wá kí òun, òun á kó wọn wá sí pápá kí àwọn ọmọ lè rí wọn. Màmá ní ìyẹn á dáa. Ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bí Màmá bá fi ọwọ́ kọ̀wé, gbogbo àmì ohùn ló máa pé síbẹ̀ bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sójú pátákó. Fóònù rẹ̀ ni ò mọ dò yàtọ̀ sí mí. Ohun tó dé ọwọ́ Mo-Kọ́-Wọn nìyí:

"E ku ise, Koosi. Eyin ni onile ni Satide. E ma gbagbe awon o. Bi e ko ba ko awon wa, ko ni si boolu, egbe yin yoo si kuro."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ti yé yín. Àwọ̀n ni. Àwọ̀n ẹ̀yìn òpó góòlù, tó wà nínú ọ́fíìsì Màmá, tí onílé gbọ́dọ̀ lọ gbé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ìbéèrè, ìbéèrè ló máa ń rí nínú gbogbo nǹkan. Mo-Kọ́-Wọn ò ka àwọ̀n. Àwọn ló kà. Àwọn tó kọ́. Àwọn tó wà lókè òkun.

Ìyálé mi ní òógùn bò ó níwájú fíríìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ó kọ̀wé padà, ó béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá dandan ni, àti pé ṣé gbogbo wọn ni. Màmá dá a lóhùn:

"Dandan ni. Meji pere ni, okan fun opo kookan. E ye won wo boya iho wa lara won. E na won daadaa, ki e si so won mo opo, ki won ma ja bo."

Ìyálé mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sókè. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ nà wọ́n. Ẹ so wọ́n mọ́ òpó. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ṣé olè ni wọ́n ni?"

Ó tún ní ọ̀rọ̀ ihò yẹn ò yé òun, torí ta ni kò ní ihò lára, imú ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ní kó gbé ẹnu sọ́hùn-ún, pé kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò ni ojú ọgbẹ́, agbábọ́ọ̀lù ńlá kì í wọ pápá pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Nínà ni kí wọ́n na apá na ẹsẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Síso ni kí èrò má baà gbé wọn lọ, torí àwọn èèyàn máa ń ya bo gbajúmọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yé e pátá, àfi ohun tí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ kejì, dípò kó lọ sí ọ́fíìsì Màmá, ó lọ ra okùn.

Ibo ló ti máa rí gbajúmọ̀ méjì kó tó di Sátidé? Àwọn tòótọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ó wà láyé. Ó wá wo àyíká rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń ta bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin kan tó fẹ̀ dáadáa, tó ń sùn lórí ọjà rẹ̀ títí oníbàárà á fi jí i. Wọ́n sọ fún un pé ìdúró lásán ni iṣẹ́ náà. Ó béèrè bóyá ìjókòó ò sí níbẹ̀, wọ́n ní kò sí, ó rò ó díẹ̀, ó gbà. Èkejì ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Mo-Kọ́-Wọn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ìyẹn gbà kí wọ́n tó sọ ohun tó jẹ́ fún un.

Ó wá aṣọ eré ìdárayá pupa fún wọn. Ti oníbẹ́ẹ̀dì ò dé ìdodo, ti onígbàjámọ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó fi awò dúdú bò wọ́n lójú. Ó ní wọ́n ti pẹ́ lókè òkun débi pé wọn ò gbọ́ èdè wa mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n ní ohunkóhun, "Yẹ́ẹ̀sì" ni kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n má fi nǹkan kan kún un. Oníbẹ́ẹ̀dì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò lè rẹ èèyàn. Ojú onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti irun àkọ́kọ́ dé irun ìkẹyìn, tó jẹ́ pé bí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, á bá dígí sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwa ìyá la fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ dé pápá. Àwa la ṣa òkúta, àwa la ri àsíá, àwa la gbé omi. Mo rí i pé òpó góòlù méjèèjì wà ní ìhòòhò, mo ní Bọ̀dá Kóòṣì ló ń kó àwọ̀n bọ̀. Àwọn àlejò dé nínú bọ́ọ̀sì wọn, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ jìnnà. Màmá Akọ̀wé dé, ó ṣí àga rẹ̀, ó jókòó. Rẹfirí náà dé, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó wo aago rẹ̀, tó tún wò ó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tiwa ò tilẹ̀ lọ, ó háyà mọ́tò. Ọkọ̀ dúdú kan ń fọn fèrè bọ̀ láti òkèèrè, ó wọ etí pápá, Mo-Kọ́-Wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹrí ba. Onígbàjámọ̀ jáde. Oníbẹ́ẹ̀dì náà ń jáde, ó ń jáde, wọ́n bá a fa apá kan, ó jáde. Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n yí wọn ká. Èmi ń wo ìdodo ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀ ọ́n.

Rẹfirí là wọ́n kọjá, ó lọ bá Mo-Kọ́-Wọn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àwọ̀n dà?"

Bọ̀dá Kóòṣì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà láti ọjọ́ mẹ́ta. "Àwọn rèé."

"Níbo?"

"Àwọn méjèèjì tó wà níwájú yín yìí. Ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

Rẹfirí wo oníbẹ́ẹ̀dì, ó kí i. Oníbẹ́ẹ̀dì ní "Yẹ́ẹ̀sì." Ó padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Kóòṣì, ó ní àwọ̀n lòun ń béèrè.

"Àwọn náà ni. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ihò kankan. Wọ́n ti na ara. Okùn sì rèé, bí ẹ bá fẹ́ kí n máa so wọ́n."

Màmá Akọ̀wé dìde lórí àga rẹ̀, ó rọra rìn wá. Ó dúró níwájú Mo-Kọ́-Wọn bí ìgbà tó dúró níwájú kíláàsì, ó sì pè é fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kóòṣì. À. Wọ̀n. Èyí tí wọ́n fi ń pẹja."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ẹnu náà tó ṣí tí nǹkan kan ò jáde. Ó wo òpó. Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ rò pé òun ni wọ́n ń retí, ó ní "Yẹ́ẹ̀sì."

A ní ká sáré lọ gbé e. Màmá ní ilé ìtẹ̀wé kì í ṣí ní Sátidé, ẹni tó ni ilé náà ti gbé kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò. Ó ní kò sí àwọ̀n, kò sí bọ́ọ̀lù, ohun tó sì ti sọ lọ́jọ́sí náà ló wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

Ọmọbìnrin Bọ̀dá Kóòṣì wà lẹ́nu òpó. Ó gbọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó bọ́ èkejì, ó pa wọ́n pọ̀, ó wá ń wo bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi tí mo gbé lọ́wọ́ dà sí mi lẹ́sẹ̀. Bínú sí ọkùnrin yẹn, mo bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó na gbalaja sílẹ̀ lórí koríko tútù níwájú Màmá, pẹ̀lú aṣọ tuntun, tó ń ní kí wọ́n bá òun wí, kí wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ìbínú náà sinmi díẹ̀.

Rẹfirí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ wo tilẹ̀ ni àwọ̀n ń ṣe? Ó ń dá bọ́ọ̀lù dúró lẹ́yìn òpó ni, kí òun lè mọ̀ pé ó gba àárín òpó wọlé. Ó wá wo oníbẹ́ẹ̀dì láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ó pẹ́ kó tó wò ó tán.

Ó ní, "Eléyìí tó."

Kóòṣì àwọn àlejò ní òun fara mọ́ ọn, òun ò lè kó àwọn ọmọ padà rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìgbá bọ́ọ̀lù. Màmá wo àwọn ọmọ. Ó ní bí eré bá lè wáyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí onílé sì ṣe gbogbo ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ láìku ọ̀kan, òun ò ní lé ẹgbẹ́ náà. Ó ní láìku ọ̀kan.

Bí Mo-Kọ́-Wọn ṣe kó àwọn wá nìyẹn, tí àwọn di àwọ̀n.

Wọ́n gbé oníbẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn òpó àwọn àlejò, wọ́n fi onígbàjámọ̀ sẹ́yìn tiwa. Eré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Bọ́ọ̀lù náà kọjá gólì wọn, ó ba ikùn oníbẹ́ẹ̀dì, ó wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ó sì padà jáde pẹ̀lú agbára débi pé àárín pápá ló bọ́ sí, tí àwọn ọmọ tún ń lé e lọ. Rẹfirí ti rí i. Oníbẹ́ẹ̀dì ní tirẹ̀ ò mira. Mo rò pé ó ti sùn.

Ti onígbàjámọ̀ ló le. Bọ́ọ̀lù kì í tíì dé ìdajì pápá tó ti máa gbé aṣọ gígùn rẹ̀ sókè, tó máa sá. Ó sá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dá a padà. Ó tún sá, wọ́n bá a lẹ́yìn igi. Rẹfirí dá eré dúró, ó ní òun ò tíì rí àwọ̀n tó ń sá rí. Ó ní bí kò bá lè dúró, òun máa fòpin sí i. Mo-Kọ́-Wọn mú okùn rẹ̀, ó na apá onígbàjámọ̀ kan sọ́tùn-ún, ó na èkejì sósì, ó sì so ó mọ́ òpó. Màmá ń wò ó láti orí àga. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa tẹ̀ lé ìtọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò pẹ́ sí i, àlejò kan gbá ọ̀kan bọ̀, ó le, ó ré kọjá lẹ́bàá òpó. Àwọn kan ní inú ló gbà, àwọn kan ní ìta ni. Eruku ti bo rẹfirí lójú. Ó sáré wá bá ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó bi onígbàjámọ̀ pé ṣé ó wọlé ni.

Mo-Kọ́-Wọn ń mi orí láti etí pápá bí aláǹgbá òdì, ó ń ṣẹ́jú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe rárá. Onígbàjámọ̀ wò ó dáadáa nínú awò dúdú. Ó gbé àyà, ó dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Yẹ́ẹ̀sì."

Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Kóòṣì wú lóòótọ́, ó di fèrè mọ́ inú rẹ̀, kò lè fọn ọ́n.

Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ pààrọ̀ ibi, àwọn àwọ̀n dúró síbi tí wọ́n wà. Àwọn ọmọ tiwa ló wá ń kọjú sí onígbàjámọ̀ báyìí. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá fò kọjá òkè òpó, ó ṣubú bà á ní àtàrí. Awò dúdú bọ́, èdè òkèèrè bọ́. Ó ké pe ìyá rẹ̀ ní èdè tí gbogbo wa gbọ́, ó ní wọ́n ti pa òun. Ọmọ kékeré kan nínú àwọn tiwa dúró, ó nà án níka, ó ní ṣebí onígbàjámọ̀ tó gé irun òun lánàá nìyẹn.

Àwọn òbí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú. Mo-Kọ́-Wọn dojú kọ igi kan, ó ń ka ewé. Onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀ ti rí ìtúsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì láti àárọ̀ ló ń pọ̀ jáde. Ó ń ké bí bọ́ọ̀lù bá dé, ó ń ké bí kò bá dé, ó ń sọ bí eré ṣe ń lọ, ó ń polówó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti orí òpó, ó ní bàbá àti ọmọ lè jọ gé e pa pọ̀. Nígbà tó yá, etí wa di sí i. Kò sí ẹni tó tún ń wo apá ibẹ̀ bó bá pariwo.

Rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, ọ̀kan sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò borí, wọ́n ń fò mọ́ ara wọn, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọn. Màmá pa àga rẹ̀ dé. Ó ní eré ti wáyé, ó ku kí onílé parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bọ̀dá Kóòṣì dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti yé òun, Màmá, láìku ọ̀kan.

Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá àlejò ló wá kí i, tó ní òun ò tíì rí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ojú Mo-Kọ́-Wọn là. Ó ní lókè òkun, ohun tí wọ́n ń lò nísinsìnyí nìyẹn, àwọ̀n okùn ti di ayé àtijọ́. Àwọn mìíràn súnmọ́ ọn, ó wá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan àwọ̀n tó fẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, ìrírí tó gbà. Àwa ìyá ṣa ìgò omi, a tú àsíá, a fọ ọmọ tó ṣubú lórúnkún. Ó tẹ̀ lé àwọn àlejò dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọn, ẹnu rẹ̀ ò dúró. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tiwa ṣetán, òun ló kọ́kọ́ wọlé, ó gba ìjókòó iwájú. Oníbẹ́ẹ̀dì gba méjì lẹ́yìn, ó ń sùn. A ka àwọn ọmọ, wọ́n pé. A gbéra.

Lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ń kọrin. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀. Bọ̀dá Kóòṣì yíjú sí mi, ó ní ṣé mo rí i pé ẹgbẹ́ náà ò kúrò, kí n sọ òótọ́, ta ló yọ wọ́n? Mi ò tíì dáhùn tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó wò ó, ó ní Màmá Akọ̀wé ni, ìyìn ló kù tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí àgbà ṣe ń kí èèyàn. Ó tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde, ó gbé e sókè fún gbogbo bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ dákẹ́.

Ṣé ẹ rántí pé "ẹ" ni Màmá ń pe ọmọ ọlọ́dún méje?

"Kóòṣì," ni Màmá wí, "ẹgbẹ́ ò kúrò. Ìwọ lo kúrò. Padà wá tú ọkọ ọlọ́kọ lórí òpó."